Ohùn Tó Ròkè Kọ́ Ni Ohùn Tó Yéni

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ẹ̀rọ kan tí ó ti wọ páálọ̀ púpọ̀ nínú ilé wa, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní họ́ọ̀mù tíátà. Owó gidi ni a fi ń rà á. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tí ó rà á kì í gbádùn rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ kì í sì í sùn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Ohun tí ó fà á ni pé nínú gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni a mọ̀ ọ́n lò: èyí tí ń mú ohùn ròkè.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí. Àṣà tí a bá nílé ni. Nígbà tí ìjọba gbé redífúṣọ̀n dé Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé sí inú ilé, wáyà ni ọ̀rọ̀ sì ń gbà wọ inú rẹ̀. Onílé kò lè bá a jiyàn, kò lè bi í léèrè, kò sì lè dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ onílé kò ju kí ó tan án, kí ó mú ohùn rẹ̀ ròkè, tàbí kí ó mú un wálẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959, àwòrán dé bá ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ètò ohùn kò yí padà. Ẹ̀rọ òde-òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Sípíkà mẹ́fà ni ó sábà máa ń ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó bí wọ́n ti ń lo àpótí àtijọ́, ẹṣin ni ó rà, tí ó wá ń fi okùn fà á lọ bí ewúrẹ́.

KÍ NI IṢẸ́ ÀPÓTÍ ÀGBÀ?

Àpótí àgbà tí gbogbo wáyà ń lọ bá ni wọ́n ń pè ní risífà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Ó ń gba ohùn lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n, dẹ́kódà, ẹ̀rọ DVD tàbí fóònù. Ó ń fi agbára kún un. Ó sì ń pín in fún àwọn sípíkà. Bí ẹ bá rí 5.1 lára páálí rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni sípíkà márùn-ún àti wúfà kan.

Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń lu dùndún yóò tètè mọ bí wọ́n ti pín iṣẹ́ yìí. Sípíkà àárín, tí a máa ń gbé sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, òun ni ìyáàlù. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré máa ń gbà jáde. Sípíkà ọ̀tún àti ti òsì ń gbé orin. Méjì tí ó wà lẹ́yìn ń gbé ìró òjò, ìró ọkọ̀ tí ń kọjá, àti ariwo èrò. Wúfà ni ó ń dún gbì-gbì-gbì nísàlẹ̀. Omele ni gbogbo àwọn yòókù jẹ́. Bí omele bá bo ìyáàlù mọ́lẹ̀ nínú agbo, ẹsẹ̀ lè máa jó, ṣùgbọ́n etí kò ní gbọ́ ohun tí ìlù wí.

Ẹ lè bi mí pé, fíìmù tí a gbà sílẹ̀ fún ìhà méjì péré ńkọ́? Ọ̀pọ̀ risífà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Pro Logic. Ètò yìí ń yọ ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìhà méjèèjì, a sì darí rẹ̀ sí sípíkà àárín.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé Lágbájá. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Obìnrin inú fíìmù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Lágbájá kò gbọ́. Ó mú rìmóòtù, ó gbé ohùn láti 20 lọ sí 32. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò tíì gbé rìmóòtù sílẹ̀ tí orin fi dé. Wúfà dún, ife orí tábìlì ń gbọ̀n, ọmọ ọwọ́ ilé kejì fi igbe ta. Lágbájá sáré mú ohùn wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tún dé, kò tún gbọ́. Báyìí ni yóò ṣe máa gùn tí yóò máa sọ̀ títí fíìmù yóò fi parí, bí ẹni tí ń kọ ẹyìn. Ohun tí ó sọnù nílé Lágbájá kì í ṣe ariwo. Ìyáàlù rẹ̀ ni ó kéré sí omele.

BÍ A TI Ń TÒ Ó

Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ ṣe é ní ẹsẹẹsẹ.

Ekíní, wáyà. Wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan ní pupa àti dúdú. Pupa ni kí ó wọ pupa, dúdú ni kí ó wọ dúdú, ní ẹ̀yìn risífà àti ní ẹ̀yìn sípíkà. Bí a bá pààrọ̀ ti ẹyọ kan, sípíkà náà yóò máa fà nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tì. Ìró ìsàlẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, a kò sì ní mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Kí a tó fọwọ́ kan wáyà, kí a ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná.

Èkejì, ibi tí a gbé e sí. Kí àwọn ti iwájú kọjú sí àga, kí wọ́n sì súnmọ́ ìwọ̀n ibi tí etí ẹni tí ó jókòó wà. Ẹ má ti sípíkà àárín sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má sì fi aṣọ tábìlì bò ó. Ní ti wúfà, bí a bá gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé, ògiri méjèèjì yóò bá a kígbe. Ẹ fà á jáde díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún risífà iye sípíkà tí ẹ ní. Nínú ètò rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Speaker Setup sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣòro wà. Bí sípíkà àárín bá ti bàjẹ́, tàbí tí ọmọdé bá ti fa wáyà rẹ̀ já, risífà kò mọ̀. Yóò ṣì máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí kò sí ẹnu. Orin yóò máa dún dáadáa, ẹnu òṣèré yóò máa mì, a kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Àwọn mìíràn ti gbé ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ nítorí èyí. Bí ẹ bá yí ti àárín sí None tàbí No, risífà yóò pín ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀tún àti òsì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, jíjìnnà. Ẹ fi tépù wọn ibi tí ẹ ń jókòó sí dé ọ̀dọ̀ sípíkà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n kọ Distance sí. Risífà yóò dá ohùn èyí tí ó súnmọ́ dúró díẹ̀, kí ti gbogbo wọn lè dé etí pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìdọ́gba. Ẹ jókòó sí àyè yín, kí ẹ tẹ Test Tone. Ìró kan yóò jáde tí ó dà bí òjò lórí páànù, yóò sì máa ti ọ̀dọ̀ sípíkà kan bọ́ sí èkejì. Níbi tí wọ́n kọ Level sí, ẹ fi kún èyí tí ó kéré, kí ẹ dín èyí tí ó pọ̀ kù, títí gbogbo wọn yóò fi dọ́gba létí yín. Àwọn risífà kan ní gbohùngbohùn kékeré tí ń dá ṣe iṣẹ́ yìí. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí, ẹ pa fáànù, kí ilé dákẹ́, kí ẹ gbé gbohùngbohùn náà sí ibi tí orí yín máa ń wà.

Ẹ̀kẹfà, ìyáàlù. Ẹ fi fíìmù tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yọ dáadáa, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta kún ti àárín nìkan. Bí ó bá ṣì ń dún bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, wúfà ni kí ẹ dín kù. Èdè Yorùbá kò fẹ́ kí a da ìró sísàlẹ̀ bò ó: bí wúfà bá ti bo ohùn mọ́lẹ̀, ta ni yóò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀?

NỌ́ŃBÀ OJÚ Ẹ̀RỌ

Àwọn ẹ̀rọ kan ń ka ohùn láti 0 dé 40, tàbí dé 100. Èyí kò ṣòro. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń kà á pẹ̀lú àmì ìyọkúrò: −60, −40, −20, títí dé 0. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi là á yé ará ilé: −40 kéré sí −20. Odo tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Ìwọ̀n ilé sinimá ni. Bí a bá tò ẹ̀rọ náà dáadáa, tí a sì gbé e dé odo, ìró tí ó le jù láti ẹnu sípíkà kan lè dé 105 dẹ̀síbẹ̀lì. Páálọ̀ wa kò nílò rẹ̀ rárá.

Dẹ̀síbẹ̀lì yìí ni òṣùwọ̀n ohùn. Orúkọ Alexander Graham Bell, ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ tẹlifóònù ní 1876, ni wọ́n fi sọ ọ́. A kì í kà á bí a ti ń ka ọsàn ní Fìdítì. Bí ẹ bá fi 3 kún un, agbára tí ẹ̀rọ ń lò ti di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fi 10 kún un, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni etí yóò kàn gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì ni. Ìdí nìyí tí fífi ọwọ́ kan rìmóòtù díẹ̀ fi ń mú ẹ̀rọ ṣe làálàá púpọ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó sanwó. Ẹ lè rí 5000 W PMPO gàdàgbà lára páálí. PMPO kì í ṣe agbára tí ẹ̀rọ ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú fìrí kan ni, tí olùtajà fi ń ṣe ẹwà fún páálí. Èyí tí ó yẹ kí ẹ béèrè ni RMS. Ẹ tún yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, níbi tí wọ́n kọ iná tí ó ń jẹ sí. Bí wọ́n bá kọ 80 W síbẹ̀, níbo ni yóò ti rí 5000 mú wá? Kóńgò àgbàdo kan kì í di ẹ̀kọ ọgọ́rùn-ún. Ẹ sì rántí pé láti 50 W sí 100 W, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ni ó fi kún ohùn. Ẹ má san owó ìlọ́po méjì pé ẹ ó gbọ́ ohùn ìlọ́po méjì.

INÁ ÀTI OHÙN TÍ Ń YA

Ẹ̀yin náà mọ iná wa. Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, agbára ẹ̀rọ kì í pé mọ́. Bí a bá wá gbé ohùn sókè, ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí ya. Ohùn tí ń ya kì í ṣe agbára. Ẹ̀rọ ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó ń rán jáde nígbà náà máa ń gbóná jù fún sípíkà kékeré tí ń gbé ìró tín-ín-rín, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ jóná. Bí ohùn bá ti ya, ẹ dín in kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí iná bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ láti ara ògiri. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń rántí ibi tí ohùn wà. Bí iná bá padà ní agogo méjì òru, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn risífà kan ní ibi tí wọ́n kọ Max Volume sí. Ẹ fi òpin sí i níbẹ̀, kí ọmọdé tí ó bá tẹ rìmóòtù má lè kọjá rẹ̀. Àwọn kan tún ní Power On Volume, tí ó ń mú un bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá tàn án. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ tẹ Night tàbí DRC. Èyí ń gbé ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sókè díẹ̀, ó sì ń tẹ ìbọn àti ìlù mọ́lẹ̀. Bí Lágbájá bá mọ èyí nìkan, ọmọ ilé kejì ì bá ti sùn.

ETÍ KÌ Í HÙ

Ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, owó ni yóò tún un ṣe. Etí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn ohun wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n rí bí irun, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ni ń gbé ìró lé ọpọlọ lọ́wọ́. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Wọn kò dà bí irun orí.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ ITU gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún àwọn ẹ̀rọ tí à ń fi gbọ́ orin: 80 dẹ̀síbẹ̀lì fún wákàtí 40 láàrin ọ̀sẹ̀ kan fún àgbàlagbà, 75 fún ọmọdé. Bí ohùn bá fi 3 lé, àkókò náà di ìdajì. 83 di wákàtí 20. 86 di 10. 89 di 5. Ọ̀rọ̀ sísọ láàrin ènìyàn méjì kì í ju nǹkan bí 60 lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù lè gba ètò tí à ń fi wọn ariwo. Ó tó fi mọ ibi tí a dúró. Ẹni tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, kí ó na ọwọ́ kan ẹni tí ó jókòó tì í. Bí ó bá ní láti pariwo kí ẹni náà tó gbọ́, ohùn ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Ìró tín-ín-rín ni ariwo sábà ń kọ́kọ́ jí lọ létí, irú èyí tí a fi ń mọ «s» yàtọ̀ sí «f». Ọmọ náà kò di adití. Ó ń gbọ́ pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹni náà sọ ni kò hàn sí i. Yóò kọ ohun tí olùkọ́ kò pè sínú ìwé rẹ̀, wọn yóò ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, wọn yóò ní olódo ni. Èyí tí kò pàdánù etí sì wà tí ó pàdánù oorun, tí ó ń tòògbé ní kíláàsì láago mẹ́wàá òwúrọ̀ nítorí fíìmù tí kì í ṣe ti ilé bàbá rẹ̀.

Òfin pàápàá kò gbàgbé rẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí ó jáde ní 2009, tí àjọ NESREA ń mójú tó, fi 50 dẹ̀síbẹ̀lì ṣe ìwọ̀n ọ̀sán fún àdúgbò ilé gbígbé, 35 fún òru, láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, níbi tí ògiri ilé ti ń kan ògiri ilé, tí a jọ ń lo omi kan náà, kò yẹ kí a dúró de ọlọ́pàá kí a tó mọ̀ pé ará ilé kejì ní ẹ̀tọ́ sí oorun. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ ṣe ìdánwò kékeré yìí. Ẹ tan ìròyìn, kí ẹ mú ohùn wá sí ìwọ̀n ẹni tí ó jókòó tí ó ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú páálọ̀. Ẹ jáde, kí ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé aládùúgbò yín. Bí ẹ bá lè máa ka ọ̀rọ̀ oníròyìn tẹ̀lé e lẹ́nu láti ibẹ̀, ẹ padà wọlé, kí ẹ dín in kù, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún sípíkà àárín. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ó bá yín lára mu sára bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rìmóòtù, kí ará ilé gbogbo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ohùn ilé yín ń gbé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí etí wa di.